Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Tẹnu Rẹ̀ Tán

Bíbélì kíkà: Máàkù 5:21–43

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ nǹkan sí abala Yorùbá ti ọdún yìí, àdúrà ló ní kí n kọ nípa rẹ̀, torí pé èmi ni mo ṣe olórí ẹ̀ka àdúrà wa ní sáà tó kọjá. Mo gbà. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò mi obìnrin ló sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ní Kaduna níbí, nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa ń gbàdúrà fún mi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi mí rí pé báwo ló ṣe ń ṣe mí."

Ìwàásù tí mo ní kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Gbogbo wa la mọ ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀. A ti wàásù lórí ìṣẹ́tí aṣọ Jésù títí, a ti fi kọrin, a ti fi gba ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 26 wà níbẹ̀ tí a máa ń sáré kọjá, bí ẹni pé ọ̀nà tí a óò gbà dé ibi iṣẹ́ ìyanu lásán ni. Ọdún méjìlá ni obìnrin yìí fi wà nínú àìsàn. Máàkù jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan kọ́ ló lọ, ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ni, àti pé ìyà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ wọn, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, àìsàn náà sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kì í ṣe àìsàn nìkan ló fìyà jẹ obìnrin yìí. Ibi tó wá ìwòsàn lọ gan-an, ìyà ń dúró dè é níbẹ̀. (Ẹ bá mi wo Lúùkù 8:43 náà. Lúùkù, tí Pọ́ọ̀lù pè ní oníṣègùn, sọ pé kò sẹ́ni tó rí i wò sàn, ó sì rọra kọjá lọ jẹ́ẹ́. Kò fẹ́ tú àṣírí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá débẹ̀.)

Títí di ọdún yìí, mi ò mọ ohun tí ẹsẹ 26 ń sọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá, òwò ló gbé e wá sí Kaduna, ibí ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. AS ni bàbá, AS ni màmá. Wọ́n ti fẹ́ra kí wọ́n tó mọ̀. Èmi bọ́ sí AS, àbúrò mi bọ́ sí SS. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló ní AS lára, nítorí náà mo mọ̀ pé ìtàn ilé wa kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ẹni tó bá ka báyọ́lọ́jì yóò ní sùúrù fún mi díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ yẹ kó rí roboto, kí wọ́n lè máa yí gbirigbiri kọjá nínú iṣan tóóró. Ti ẹni tó jẹ́ SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé. Dòjé kì í yí. Wọ́n á há, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, eegun tó ń retí afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ò ní rí nǹkan kan gbà, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Òtútù lè fà á. Ibà lè fà á, àárẹ̀ lè fà á. Àìmu omi lè fà á. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Orúkọ méjì ni mo mọ̀ fún àìsàn yìí ní èdè wa. Àwọn kan ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tí ẹ bá wo orúkọ yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń wòran ló sọ ọ́. Ó rí ọmọ tó dà bíi pé kò ní í rí ọjọ́ kejì, ó tún rí i lọ́jọ́ kejì tó ń ṣeré, ó yà á lẹ́nu. Orúkọ kejì ni aromọléegun. Ìyẹn yàtọ̀. Ẹnì kan ti jókòó ti ọmọ, ó ti bi í pé ibo ló ti ń dùn ún, ọmọ náà sì ti sọ pé inú eegun ni. Ní Gánà, Dókítà Felix Konotey-Ahulu, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yìí, jẹ́ ká mọ̀ pé chwechweechwe ni àwọn Ga ń pè é. Ìró ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí ìrora ṣe ń jẹ ni léegun láìdábọ̀. Ó tọpa àìsàn náà nínú ìdílé tirẹ̀ padà sí ọdún 1670. Ọdún 1910 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa: Walter Clement Noel, ọmọ Grenada tó lọ kọ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago. Kí àwọn dókítà tó fún un lórúkọ, àwọn ìyá wa ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn.

Èmi kò gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò mi. Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa, mi ò gbọ́. Mo rántí oṣù kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní Kasuwan Magani dé ìgboro Kaduna, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí nígbà náà. Nínú ìsénimọ́lé yẹn ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru ọjọ́ kan. Kò sí kẹ̀kẹ́ NAPEP, kò sí ọkọ̀, kò sí kẹ́mísì tó ṣí. Parasitamọ́ọ̀lù díẹ̀ ló kù nílé. Màmá wa fi aṣọ rẹ omi gbígbóná, ó ń fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní pálọ̀. Èmi fi ìrọ̀rí bo etí mi kí n lè sùn. Mo tilẹ̀ bínú sí i díẹ̀, kí n má purọ́.

Nígbà tí ó wọlé sí yunifásítì, tí ó sì dara pọ̀ mọ́ ìdàpọ̀ wa, mo ti di olórí àdúrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé mo lè máa mu omi ní tèmi?" Mo sì dá a lóhùn pé, "Ṣé Ẹ́sítérì àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ mu omi ni?" Mo ní ọdún yìí ni Olúwa yóò parí ọ̀rọ̀ náà, pé ìgbàgbọ́ ló kù kó fi kún un. Kò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, olórí rẹ̀ sì ni mí. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ń bó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n sáré wá pè mí ní gbọ̀ngàn pé kò lè dìde.

Èmi ni mo sọ pé kó má mu omi. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù tí mo gbé e lọ. Bí aago mọ́kànlá alẹ́ la débẹ̀. Wọ́n ní kí n gba káàdì. Wọ́n ní kí n san owó ìdúró. Wọ́n kọ ìwé fún mi kí n lọ ra ìbọ̀wọ́, síríńjì, omi dírípù àti abẹ́rẹ́, kẹ́mísì tó wà nínú ọgbà sì ti pa, ni mo bá jáde sí títì nínú òtútù yẹn. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ọ̀sì ń bi àbúrò mi ní ìbéèrè. Ó ti dárúkọ abẹ́rẹ́ tí ó máa ń bá a lára mu, pentazocine, àti ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fún un. Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló kọ́ ẹ lórúkọ abẹ́rẹ́?" Ọmọ tó ti ń gba abẹ́rẹ́ láti kékeré! Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo fọ́tò lórí rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè kúrò lórí ìrora. Nọ́ọ̀sì kejì kọjá, ó ní ẹni tí ara ń ro kì í tẹ fóònù. Nígbà tí ó ké, wọ́n ní ó ń ṣe àṣejù, pé kì í ṣe òun nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí ó wá dákẹ́, tí ó fi eyín di aṣọ mú, wọ́n ní ẹ ò rí i bí, ó ti rọlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ sọ òdodo lórí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Àwọn SS kan wà tí pentazocine ti di bárakú fún. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí tramadol àti kodíìnì ti ṣe fún àwọn ojúgbà wa ní ilẹ̀ Àríwá yìí, kódà ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi òògùn ikọ́ oníkodíìnì wọlé ní 2018. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí aláìsàn kún ọwọ́ rẹ̀, tó ti rí ọ̀dọ́ púpọ̀ tó ń purọ́ kí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́, ó lè ṣi ẹni gidi mú. Mi ò lè bínú sí i títí. Ohun tó jẹ́ kí n má lè bínú gan-an ni pé bí mo ṣe dúró níbẹ̀ pẹ̀lú síríńjì nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ ohùn ara mi. Nọ́ọ̀sì ní òògùn ló ń wá. Èmi ní ìgbàgbọ́ ni kò ní. Àwa méjèèjì ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó la ẹnu.

Bẹ̀rẹ̀ láti Jóòbù, ẹ ó rí i pé àìsàn yìí ti wà lára àwa ẹlẹ́sìn tipẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní orí kejì. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ méje, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ya ẹnu ni wàhálà dé, torí pé àlàyé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó di orí 13, Jóòbù pè wọ́n ní oníṣègùn tí kò wúlò. Ní orí 42, Ọlọ́run bínú sí wọn, kò sì bínú sí Jóòbù tó ti ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ìgbà mẹ́ta ló bẹ Olúwa nípa ẹ̀gún ara rẹ̀, ẹ̀gún náà ò kúrò. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdàpọ̀ wa sọ pé Pọ́ọ̀lù kò nígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn nínú Ìṣe 19, òun ló kọ̀wé sí Tímótì nípa ohun tí yóò máa lò fún inú rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ tó ń ṣe lemọ́lemọ́. Kò ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ.

Ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wa, ìyá arúgbó Háúsá kan ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sùn, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ àbúrò mi. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n, ó ń sọ pé, "Sannu. Sannu, 'yata." Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ina ke miki ciwo?" Ibo ló ti ń dùn ọ́?

Àbúrò mi sì dá a lóhùn. Àwa ọmọ Kaduna, Háúsá yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, ó ń sọ, ó ń sọ. Ó ní ó dà bíi kí wọ́n máa fi ọmọ odó gún un nínú eegun itan, kí wọ́n má sì gbé ọmọ odó náà sókè kí wọ́n tó tún gún un. Ó ní tí ó bá ti ń bọ̀, òun máa ń mọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òun kì í sọ, torí pé bí òun bá sọ, ojú màmá òun á yí padà. Ó ní ìrora nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù ba òun, pé kí òun máa ronú ẹni tí yóò gbà òun gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí tún wà níbẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń kọ́ bí òun ṣe máa sunkún kó tó dé ọsibítù. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́nu ọ̀nà èdè tí kì í ṣe ti ilé wa, bó ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìgbà tí ìyá náà padà sídìí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni àbúrò mi yíjú sí mi, tó sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí Máàkù 5. Ẹsẹ 29 fi hàn pé ara obìnrin náà ti yá, òun fúnra rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n lára, kí Jésù tó yíjú padà rárá. Iṣẹ́ ìyanu ti parí. Bó bá jẹ́ pé kí àìsàn kúrò nìkan ni, kí ni Jésù tún ń dúró ṣe láàárín èrò? Jáírù wà níbẹ̀, èèyàn pàtàkì, ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nílé. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pàápàá rò pé ìbéèrè Jésù kò mọ́gbọ́n dání: nínú èrò tó tó báyìí, o ń bèèrè ẹni tó fọwọ́ kàn ọ́? Síbẹ̀ kò lọ. Ó ń wò káàkiri títí obìnrin náà fi jáde wá pẹ̀lú ìwárìrì, ẹni tí òfin ti sọ di aláìmọ́ fún ọdún méjìlá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Máàkù lò nìyẹn ní ẹsẹ 33: gbogbo. Ẹni tó bá ti bá aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sọ̀rọ̀ rí mọ̀ pé "gbogbo" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ó dá mi lójú pé ó bẹ̀rẹ̀ látorí oníṣègùn àkọ́kọ́. Ó á sọ iye tí ó ná. Ó á sọ èyí tó fi í ṣẹ̀sín. Jésù dúró gbọ́ ọ, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó sọ tán ló pè é ní ọmọ rẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ ni wọ́n dé láti ilé Jáírù pé ọmọ ti kú.

Àtijọ́, tí mo bá ń wàásù ibí yìí, mo máa ń sọ pé ẹ wò ó, kò pẹ́ jù fún Olúwa. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi báyìí pé bó bá jẹ́ èmi ni Jáírù ń dúró dè, ṣé mi ò ní sọ fún obìnrin náà pé, "Ara rẹ ti yá, máa lọ, lọ jẹ́rìí ní ọjọ́ Àìkú"?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn aṣáájú wa gbọ́, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ìgbà wo la máa ń dárúkọ SS ní ìdàpọ̀ wa? Ìgbà tí a bá ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà nìkan ni. Ìkìlọ̀ náà dára. Kí ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ìfẹ́ tó wọra, mo fara mọ́ ọn, ọmọ ilé tí wọn ò ti mọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó jẹ́ SS tó jókòó sí ìlà kẹta tó ń gbọ́ bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ pé kí á má bí irú rẹ̀. Àbúrò mi ti jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà nínú ilé.

Bí ẹ bá sì tún kéde ààwẹ̀, ẹ sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé ẹni tó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ mu omi. Ẹ má dúró kó tó wá bèèrè. Bí ẹ bá rí i pẹ̀lú ìgò omi nínú ìsìn tàbí pẹ̀lú súwẹ́tà nígbà tí oòrùn ń ràn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń lo òògùn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea, tó ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù fún ọ̀pọ̀ wọn, abẹ́ àkóso dókítà ni wọ́n ti ń lò ó. Ìlú wa yìí wà nínú ìtàn òògùn yẹn: Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Barau Dikko pẹ̀lú àwọn ilé-ìwòsàn ní Kano ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ńlá lórí bó ṣe lè gba àwọn ọmọdé SS lọ́wọ́ àrùn rọpárọsẹ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2022. Àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Ẹ bá wọn lọ, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n, kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa sọ pé mo mọ̀ ọ́n, kì í purọ́.

Àbúrò mi ṣì jẹ́ SS. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un, mi ò sì dẹ́kun láti bèèrè ìwòsàn lọ́wọ́ Ẹni tó lè ṣe é. Ó ti bẹ̀rẹ̀ òògùn, ó ń lọ sí kílíníìkì, oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, a ní ìṣọ́ òru. Mo ti wọ gbọ̀ngàn nígbà tí fóònù mi dún. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ó ti ń bọ̀ o." Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Mo bi í bóyá ó ti mu omi, bóyá ó ti lo òògùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ní, "Ibo ló ti ń dùn ẹ́? Sọ fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Wọ́n ti ń kọrin nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tó yá, akọ̀wé wa yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ sí aago rẹ̀, pé ó ti kàn mí láti darí àdúrà, gbogbo ènìyàn ń dúró. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó ní sùúrù. Kò tíì sọ tirẹ̀ tán.